Ta Ló Ń Ṣarán?

Wọ́n ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìyá àgbà tó ń ṣarán ti tú àṣírí ẹbí ní Pópó Àgùdà kò ṣeé gbà gbọ́. Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ àná ni àìsàn yìí sábà ń kọ́kọ́ gbé lọ. Ti ìgbà èwe ń pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ìyá sọ ọ́ létòlétò bíi lọ́yà. Ẹni tó ń ṣarán a máa pe ọmọ ní ọkọ, a máa ránṣẹ́ sí òkú. Síbẹ̀ kò purọ́. Ilẹ̀ Èkó sì wọ́n: Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí ìjọba kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o ní 2016. Ẹ wá wo àwọn ọmọ ìyá náà lórí ilé ẹbí: ọ̀rọ̀ tó bá gbè wọ́n, "Màmá rántí!" Èyí tí kò gbè wọ́n, "Màmá ń ṣarán."