Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta gbọ́ngbọ́n ló mutí

Bí a bá rí ẹni tó ń ta gbọ́ngbọ́n lójú títì láàárọ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, a ti dájọ́ tán: ọtí ni. Bí wọ́n bá ní kò fẹnu kan ọtí, a óò ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ Machado-Joseph. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Apá kan nínú ọpọlọ, lẹ́yìn orí níbi tó sún mọ́ ọrùn, ló ń bá wa ṣètò ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti máa ń ṣọṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa yẹ̀, ojú á máa rí nǹkan kan ní méjì, oúnjẹ á máa há lọ́fun. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn á ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Orí onítọ̀hún sì sábà máa ń pé. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí à ń ṣe, ó ń gbọ́ ọ.

Orúkọ ìdílé méjì tó ṣẹ̀ wá láti erékùṣù Azores ti Pọtogí, tí wọ́n ń gbé Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní àìsàn òyìnbó o. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà gbé ìwádìí jáde lórí ìdílé ọmọ Nàìjíríà kan tó ní in.

Gbogbo wa la mọ AS àti SS. Níbẹ̀, bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ jọ mú S wá kí ọmọ tó di SS. Ní ti Machado-Joseph, òbí kan ṣoṣo ti tó: oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 50 nínú 100. Àwọn àgbà ní àrùn tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá jogún ẹ̀ kò ní í fún ọmọ tiẹ̀. Èyí tó bá jogún ẹ̀, ó sábà máa ń tètè yọ lára rẹ̀ ju ti òbí ẹ̀ lọ.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló wá yẹ kó mọ èsì? Lérò tèmi, onítọ̀hún ló ni ìpinnu, kì í ṣe ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí òótọ́, àmọ́ ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Òfin ọdún 2018 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara lè gbèjà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀. Ẹni tó jogún ẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì le, ńkọ́? Amẹ́ríkà ti ṣòfin lọ́dún 2008 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí jíìnì lé èèyàn. Abala 42 nínú ìwé òfin wa ti ọdún 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà kìkì nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Kí ló tún jẹ́ bí wọ́n ṣe bí èèyàn ju jíìnì lọ? Kí àwọn aṣòfin Àbújá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kó má di ohun tí à ń bẹ adájọ́ pé kó bá wa túmọ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta gbọ́ngbọ́n, ẹ fi fóònù yín sápò. Ẹ di apá ẹ̀ mú kó má ṣubú.