Ọ̀nà Ọjà ni Ogunléndé Ń Béèrè

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn Islam, ẹ̀yin oníṣòwò wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo rò pé ó tó àkókò kí a bá ara wa sọ. Nígbà tí wọ́n bá mẹ́nu ba ogunléndé nínú ìjọ, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni àpò ìrẹsì, ògbólógbòó aṣọ, àti owó díẹ̀ tí a ń dá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí ebi ń pa kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ibi tí àwa ń parí tiwa sí gan-an ni wàhálà ogunléndé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fún ní oúnjẹ lónìí, kí ni yóò ṣe ní ogójì ọjọ́ sí i? Ta ni yóò ṣe onídùúró fún un kí onílé tó gbà á sí yàrá? Ta ni yóò ta ọjà àwìn fún ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀, tí kò mọ ìlú rẹ̀, tí kò sì gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Kí ó tó di pé a ń ka ọdún Hijira pàápàá ni àwọn Mùsùlùmí ìjímìjí ti di ogunléndé. Ní nǹkan bí ọdún 615 ni ìnira àwọn ará Mẹ́kà lé àwọn kan nínú wọn kọjá òkun sí ilẹ̀ Habaṣa, tí a ń pè ní Ethiopia lónìí. Ọba ibẹ̀, Najaṣi, kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà, Kristẹni ni. Àwọn ará Mẹ́kà fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i pé kí ó dá àwọn ènìyàn náà padà, ó ní kí Jaafar ọmọ Abu Talib sọ tẹnu rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tán kí ó tó ṣe ìdájọ́. Ó dá ẹ̀bùn náà padà, ó sì jẹ́ kí àwọn àlejò náà jókòó.

Nígbà tí ó di ọdún 622 tí wọ́n kó kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) so àlejò àti onílé pọ̀ ní méjì-méjì bí ọmọ ìyá. Àwọn àlejò ni a mọ̀ sí Muhajirun, àwọn onílé sì ni Ansar, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn olùrànlọ́wọ́. Orúkọ yìí wà lára èyí tí àwọn bàbá wa ní Èkó mú ní ọdún 1923 nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń jẹ́ orúkọ náà, tí a ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí a sì ti gbàgbé pé àwọn tí ó gba ogunléndé sílé ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Ó hàn nínú ọ̀rọ̀ Abdur-Rahman ọmọ Awf. Oníṣòwò gidi ni ní Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ó dé Mẹ̀dínà lọ́wọ́ òfo. Sa'd ọmọ Rabi', tí a fi ṣe arákùnrin rẹ̀, sọ fún un pé òun yóò dá ohun ìní òun sí méjì, kí ó mú ìdajì. Àwa tí a mọ ohun tí ojú ń rí nígbà tí ọmọ bàbá kan náà bá ń pín ogún, a mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà júwe ọ̀nà ọjà fún òun. Wọ́n júwe ọjà Banu Qaynuqa, ẹ̀yà Júù kan ní Mẹ̀dínà, fún un. Ó lọ síbẹ̀, ó ń ra wàrà gbígbẹ àti bọ́tà, ó ń tà á. Kò pẹ́ tí ó fi jèrè débi pé ó gbéyàwó, ó sì fi wúrà san owó ìyàwó. Nígbẹ̀yìn ó di ọ̀kan nínú àwọn olówó ńlá láàrin àwọn Sàhábà.

Àwọn oníwàásù wa máa ń yin Abdur-Rahman pé kò ṣe ọ̀lẹ, wọ́n sì máa ń yin Sa'd pé kò ní ahun. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ọjà yẹn. Ọjà gbà á. Àlejò tí ó dé láìpẹ́, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn tí ó ni ọjà, rí ibi gbé igbá kalẹ̀. Bí ọjà bá kọ̀ ọ́, ìdajì ohun ìní Sa'd ni ìbá máa jẹ títí yóò fi tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn àwọn Lárúbáwá àtijọ́ nìkan ni èyí, kí ó lọ béèrè ohun tí ojú rí ní ìparí ọdún 1969 ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, ní Èjìgbò, ní Ìníṣà tàbí ní Ṣakí. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún náà ni ìjọba Dókítà Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọjọ́ 14 péré! Àwọn ènìyàn wa sì ti wà ní Kumasi, ní Tamale àti ní Àkrá láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ìsọ̀ lọ́jà, wọ́n ní ilé, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti sìnkú síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé kan wà tí ó yẹ kí wọ́n ní.

Oníṣòwò ni ó lè mọ bí èyí ti rí. Orí àwìn ni òwò wọn dúró lé: wọ́n gba ọjà lọ́dọ̀ àwọn olówó ńlá, wọ́n sì pín in fún àwọn tí ń kiri ìgbèríko. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe gba gbèsè ọdún kan láàrin ọjọ́ 14, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé bí òun bá sá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí òun jẹ yóò ti lọ? Ọjà tí wọ́n rà ní gọbọi ni wọ́n tà ní ọ̀pọ̀, wọ́n kó ohun tí ó kù sínú ọkọ̀, wọ́n gba ilẹ̀ Tógò àti Dàhómì, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975, kọjá wá. Nàìjíríà tí wọ́n ń bọ̀ wá bá pàápàá ṣì ń ja ogun abẹ́lé, èyí tí kò parí títí di oṣù January ọdún 1970.

Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wálé. Àwọn àgbà lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí Twi tàbí Haúsá yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ìlú tuntun ni wọ́n wọ̀, àwọn ojúgbà wọn sì ń pè wọ́n ní ará Gánà. Ìyá àgbà kan tí ó wà lára wọn sọ fún mi pé oúnjẹ kò wọ́n òun ní agboolé ọkọ òun, wọ́n sì fún òun ní yàrá. Ohun tí ó dun òun ni pé ní Kumasi, ọ̀rọ̀ ẹnu òun tó láti gbé ọjà. Nílé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá òun ń mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Ó tó ọdún méjì kí obìnrin aláṣọ kan tó gbé ọjà lé òun lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ gbowó. Ó ní alẹ́ ọjọ́ náà ni òun tó tú ẹrù òun kúrò nínú àpótí.

Ó tún ku bí ó ti kan àwa náà. Ní oṣù January ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Gánà ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. A tilẹ̀ fi wọ́n sọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù lórúkọ, a sì ń fi àpò náà kó ọjà títí dòní láìrò ó.

Àwọn tí òfin ń pè ní ogunléndé gan-an, àwọn tí ogun lé, wọ́n ti bá wa gbé ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín. Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù December ọdún 1989, ti Siẹrra Leone tẹ̀ lé e ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sá wá sọ́dọ̀ wa ni wọ́n sì kó sí ibùdó ní Orù-Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí ogun parí, àwọn kan padà, àwọn kan kò lè padà. Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà, ti Làìbéríà àti ti Siẹrra Leone, pẹ̀lú ECOWAS àti àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, fọwọ́ sí àdéhùn kan: orílẹ̀-èdè wọn yóò fún wọn ní ìwé ìrìnnà, Nàìjíríà yóò sì fún wọn ní ìwé ìgbélùú, kí wọ́n lè máa gbé, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Àdéhùn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í bá ènìyàn wá onídùúró, ìwé kì í sì bá ènìyàn wá ìsọ̀ lọ́jà.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà yóò fún mi. Wọn yóò ní ọjà kò tó àwa pàápàá, pé àlejò a máa ta ọjà ní ẹ̀dínwó, pé a kò mọ olè yàtọ̀ sí ẹni rere. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ní láárí, òun ni mo sì fi ń sọ ti onídùúró. Ní ti ọjà tí kò tó, ẹ jẹ́ kí a wo Gánà. Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa tán, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1970 tí ó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. N kò sọ pé èyí nìkan ni ó kó bá wọn, owó kòkó àti ìjọba ológun ní tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ onílẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Kò ju ọdún 13 lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń lé àwọn ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ogunléndé kò tán. Láti ọdún 2017 ni ìjà ti ń lé àwọn ará Kamẹrúùnù wọ Cross River, Benue àti Taraba, àwọn mìíràn a sì máa rìn jìnnà ju ibẹ̀ lọ láti wáṣẹ́. Nígbà tí irú wọn bá dé ọ̀dọ̀ wa, yálà Mùsùlùmí ni tàbí Kristẹni, ohun tí mo ń bẹ ìjọ fún kò pọ̀. Sàkáà tí a ń gbà, ìpín ọmọ ojú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé a lè fi sàkáà ra irinṣẹ́ tàbí ọjà àkọ́tà fún aláìní. Kí á dẹ́kun pípín in ní owó ìjẹun ọjọ́ kan. Kí àwọn alásàlátù tí wọ́n ní iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí búrẹ́dì lọ́wọ́ gba ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ra láìgba owó ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní Yorùbá tí a fi ń nájà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó bá wọn dá èésú, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ń mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Owó ẹgbẹ́ tí àwa ń san ni kí ó san, kí a má ṣe sọ ọ́ di méjì fún un.

Ìjọ tí ó bá ṣe tán láti dúró fún ẹnì kan péré, kí Lèmọ́ọ̀mù rẹ̀ mú ẹni náà lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà ọjà tí ó sún mọ́ wọn kí oṣù yìí tó parí, kí àgbà ìjọ méjì sì bá wọn lọ láti fọwọ́ síwèé.