Òpó Màpó lára àdìrẹ: ta ló ń sọ ìtàn wa?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gòkè láti Bẹẹrẹ, mo gba iwájú Gbọ̀ngàn Màpó kọjá, mo sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ tẹ́ àdìrẹ kan fún mi wò. Bí mo ṣe rí òpó Màpó lára rẹ̀, inú mi dùn.

"Ìyá, ta ló ya eléyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Láti Ṣáínà ló ti wá. Àwọn tó ń fi ọwọ́ yà á ti ń tán lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò mọ Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn obìnrin wa fi ń ya àwòrán sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Òpó Màpó ni a fi ń dá Ìbàdàndùn mọ̀, ṣíbí a sì máa wà láàárín òpó kan sí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Gbọ̀ngàn Màpó kì í ṣe irú ilé tí àwọn baba ńlá wa ń kọ́. Òyìnbó kan, Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones, ló ya àwòrán ilé náà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, òpó rẹ̀ sì jọ ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ilé tó ń fi agbára ìjọba amúnisìn hàn ni àwọn aláró sọ di àwòrán adùn ìlú wọn. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ki ṣíbí bọ àárín òpó ìjọba.

Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní àṣà tó bá yá nǹkan lò ti bàjẹ́. Àwọn ará Họ́láǹdì ló wo aṣọ erékùṣù Java ṣe ańkárá. Àwa la fún un lórúkọ, tí a sọ ọ́ di aṣọ ẹbí. Ní ọdún 2010, Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó sì dàgbà ní Èkó, fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣe ìgbòkun ọkọ̀ Nelson ní Trafalgar Square. Ìtàn òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi aṣọ wa sọ fún wọn.

Kí ló wá dùn mí nínú ti ẹ̀rọ? Àwọn obìnrin Ìbàdàn yá òpó, wọ́n sì fi sọ tẹnu wọn. Ẹ̀rọ gbé àwòrán, ó fi ẹni tó ń sọ ìtàn sílẹ̀. Ìbàdàndùn wà ní British Museum ní London, orúkọ Taffy Jones kò sì parun. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ ya àdìrẹ, a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lọ sí Màpó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú, tí n kò yà bi aláró kan léèrè orúkọ rẹ̀?

N kò ní kí ìyá aláṣọ Ọjà'ba má jẹun. Mo mọ̀ pé aṣọ àfọwọ́yà wọ́n, owó kò sì sí nílùú. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè fún àwọn àgbà aláró láàyè ní Màpó láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá ya aṣọ, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí etí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ìyá àgbà tó ṣe aró rí, yálà ní Bẹyẹrúnkà tàbí níbòmíràn, kí ó bi wọ́n lónìí pé kí ni wọ́n ń pe àwòrán wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè bá wa rántí ìyẹn.