Ọtí Kan, Ẹ Má Fẹ̀sùn Kan Aládùúgbò

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ̀ ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, bí ọtí bá kan gógó kó tó dọ́jà, ariwo tó máa ń sọ ni pé aládùúgbò ló fojú burúkú wò ó. Irọ́ o! Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín ná.

Àgbàdo tẹ́ ẹ rẹ, tẹ́ ẹ bò kó lè hù, ṣé ẹ̀ ń yí i? Bó bá wà lókìtì, á gbóná, á sì bu. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Sísè kì í pa májèlé inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí omi ọtí tutù kẹ́ ẹ tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ sí i, torí ooru ń pa ìwúkàrà. Ẹ fomi gbígbóná ṣan ìkòkò, kẹ́ ẹ sì dé e. Atẹ́gùn wà lára ohun tó ń mú ọtí kan.

Èyí tó burú jù ni garawa onípáànù àti dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà. Kíkan inú ọtí á jẹ ara garawa, májèlé á bọ́ sínú ọtí, èébì á bẹ̀rẹ̀.

Owó àgbàdo tó ṣòfò ṣì lè padà. Oníbàárà tó bá kú ńkọ́? Kò sọ́jà tí wọ́n ti ń tà á.