Títún Ògbólógbòó Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Ṣe Nílé: Ìgbafẹ́ Tó Lérè Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ mu bó ṣe bá ènìyàn mu. Bí ẹ bá rìn yí ìlú Arimogija ká, láti ẹ̀bá títì dé abà àwọn àgbẹ̀ kòkó, ẹ lè rí ògbólógbòó ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ti pa tì sẹ́yìn ilé: táyà rẹ̀ ti jò sílẹ̀, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, koríko sì ti bo iná iwájú rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí a ṣe sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní àwọn fẹ́ máa fi ọwọ́ ara àwọn tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ nílé, kì í ṣe láti fi jẹun bí kò ṣe láti fi gbafẹ́. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù lágbègbè wa ni Peugeot 504. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, nígbà tí ó sì di 1979, píkọ́ọ̀pù 504 jáde. Ọkọ̀ tó lè jìyà ni. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí ni ó ń gbé kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti pákó jáde láti inú oko tí bọ́ọ̀sì kò lè dé.

Àwọn tó lòdì sí ìgbafẹ́ yìí ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ajẹ-owó-má-yó ni. Bí ẹ bá ra bíréèkì lónìí, kílọ́ọ̀ṣì yóò tún béèrè tirẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní ìwé ni ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé dojú kọ. Wọ́n tún ní mẹkáníìkì wà, kí onílé má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó láti ṣẹ́gun.

Èkínní, ìmọ̀ ni ìgbafẹ́ yìí ń fúnni. Ní 1982 ni ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, èyí tó fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé mọ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ iṣẹ́ ìwé. Wọ́n ra ẹ̀rọ fún àwọn ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, inú àpótí ni ẹ̀rọ wọ̀nyí dógùn-ún sí, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù ẹ̀yìn ilé kò nílò iná mànàmáná kí ó tó kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ó fi ojú rí ọ̀nà tí epo ń gbà dé kabúrétọ̀, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, àti bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń ta iná sí i. Ohun tí olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì yà sára pátákó, ọwọ́ yín yóò dì í mú.

Èkejì, ó ń gbani lọ́jọ́ ìṣòro. Nígbà òjò, bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà oko, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, ta ni ẹ ó ké sí? Ẹni tó mọ bí a ti ń yọ púlọ́ọ̀gì nù, tàbí bí a ti ń wá ibi tí wáyà ti já, yóò sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sùn ti ẹrù rẹ̀. Ìgbafẹ́ yìí kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì; ẹ ó ṣì máa bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ tó le. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ inú ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣeé tàn jẹ. Ẹ wo ilẹ̀ Cuba: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tí Amẹ́ríkà ti dáwọ́ òwò dúró pẹ̀lú wọn, àwọn ará ibẹ̀ kò rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tuntun rà mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń rìn títí di òní.

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ni ní sùúrù. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dógùn-ún, agbára kọ́ ni a fi ń tú u. Bí ẹ bá fi ipá yí i, yóò kán. Ẹ ó ta epo dísù sí i, ẹ ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rọra kàn án lóòlù, kí ẹ tó fi sípánà sí i. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ èyí lára irin kò ní fi ìwàǹwára ba ọ̀rọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ní ti owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó oúnjẹ. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀. Ní ti àkókò, ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ìsinmi ni kí ọmọ ilé-ìwé fi ṣe é. Ìgbafẹ́ ni, kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ṣùgbọ́n igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e ró. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo bẹntiróòlù, ẹ má sì mú iná sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí ẹ̀bá kànga tàbí odò. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó ronú àtikun ọkọ̀ lọ́dà, nítorí ọkọ̀ tó ń dán tí kò lè dúró, pósí ni. Bí ó bá sì ti ń rìn tán, kí ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gun títì, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìparí, irin tí a tà fún oníirin àlòkù, owó rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a rí níbi tí a ti tún un ṣe, olè kò lè jí i. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè pé òun fẹ́ mọ ohun tó ṣe píkọ́ọ̀pù bàbá àgbà, ẹ má ṣe lé e lọ. Ẹ fún un ní sípánà, kí ẹ dúró tì í.