Kí Ẹ Tó Fọmọ Sẹ́nu Iṣẹ́ Fọkanáísà



Gbogbo wa là ń rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà lẹ́bàá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Táyà tírélà ló ń bà mí lẹ́rù. Géèjì táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju 35 lọ; ti tírélà máa ń tó 100. Bí òrùka irin ara rímù ò bá jókòó dáadáa, ó lè fò yọ lójijì, kó pa ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1980 ni òfin ti sọ pé inú àgò irin ni kí wọ́n ti fẹ́ irú táyà bẹ́ẹ̀, kí rọ́bà afẹ́fẹ́ gùn, kí òṣìṣẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ píìnì ẹnu fọ́ọ̀fù, kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá.

Èrò mi ni pé kí ìyá tó fẹ́ fọmọ síṣẹ́ bi ọ̀gá léèrè: "Àgò dà?" Bí kò bá sí, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ má pàtẹ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà.

Iye yòówù kí àgò jẹ́, kò tó ẹ̀mí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.