Gbígba Àlejò Láìjẹ Gbèsè

Bí a bá dárúkọ arìnrìn-àjò afẹ́, ẹni tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òyìnbó tí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́ ọrùn, tí ó sì wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Òkìtìpupa wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Malu Road, tí ó sì sun orí ẹní níbẹ̀, arìnrìn-àjò ni òun náà. Àjọ àgbáyé tí ń mójú tó ìrìn-àjò afẹ́, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì, ka ìbẹ̀wò sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ mọ́ ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà kò bá ti pé ọdún kan níbi tí ó lọ, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù ni ó bá débẹ̀.

Malu Road ni ọ̀nà tí ó so Àpápá, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ èbúté ti fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí àdúgbò yìí, Yorùbá, Ìgbò, Ùròbò, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, kò sì sí èyí tí kò ní ìbátan ní ìlú òkèèrè nínú wọn. Nítorí náà àlejò kì í wọ́n níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jẹ́ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé kan ń gbé yàrá kan, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń dáná lójú kan.

Ní ọdún 1977, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ìjọba ilẹ̀ wa gba àlejò láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ fún àjọ̀dún FESTAC. Nítorí wọn ni a ṣe kọ́ ilé ìṣeré ńlá sí Igànmú, tí ó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024, tí a sì kọ́ odindi ìlú kan, Festac Town, fún wọn láti máa gbé. Kò sí ẹni tí ó kọ́ yàrá kan kún ti baálé ilé Malu Road, bẹ́ẹ̀ ni òun kì í gba àlejò fún oṣù kan péré. Owó tí àlejò rẹ̀ ń ná kò wọ ìwé òtẹ́ẹ̀lì kankan, ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ń gbà nínú rẹ̀, aláṣọ àti ẹlẹ́ja ọjà Boundary sì ń gbà nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kò yẹ kí a fi ìṣirò owó kún ọ̀rọ̀ ẹbí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àìṣírò yìí gan-an ni ó ń ba ìfẹ́ ẹbí jẹ́. Àwọn àgbà ti wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Onílé yóò yá owó ra adìyẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí a má baà pè é ní ahun. Àlejò yóò jẹ, yóò mu, yóò sì padà lọ ròyìn pé ẹ̀gbọ́n òun ti di olówó ní Èkó. Kí gbèsè náà tó tán, ìbátan mìíràn tí ó gbọ́ ìròyìn yìí ti ń di ẹrù rẹ̀. Ní ìkẹyìn, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a ó fi san owó adìyẹ, onílé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹbí ara rẹ̀.

Ohun tí ilé ń jẹ ni kí onílé fi ṣe àlejò, kí ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa àdúgbò kún un, nítorí èyí kò sí fún títà ní òtẹ́ẹ̀lì. Kí ó fi pápá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù hàn án, kí ó sì sọ fún un pé Ajégúnlẹ̀ ni Odion Ighalo ti dàgbà, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United ní ọdún 2020. Kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wo ilé ìṣeré Igànmú. Owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì kò tó owó adìyẹ kan.

Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó ránṣẹ́ ṣáájú, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò padà, kí ó má sì wá lọ́wọ́ òfo. Láyé àtijọ́, ẹni tí ń lọ kí ará ilé rẹ̀ kì í ṣàì di iṣu tàbí gààrí dání. Ní ti ìjọba, bí ó bá ń tún ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì ṣe nítorí arìnrìn-àjò, kí ó rántí pé arìnrìn-àjò wà ní Malu Road pẹ̀lú, àti pé òun náà nílò ọ̀nà tí ó dán àti omi tí ó mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni a ń rán lọ pọn omi nígbà tí àlejò bá dé, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń fi ibùsùn yín sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe kùn, nítorí iṣẹ́ ìlú ni ẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá di onílé, ẹ má ṣe tijú láti gbé ẹ̀bà kalẹ̀ fún àlejò, bí ó bá jẹ́ pé òun ni ilé ní. Onílé tí kò jẹ gbèsè nítorí àlejò ni yóò lè tún fi ìdùnnú ṣílẹ̀kùn fún un lọ́dún tí ń bọ̀.